Ọ̀nà Tí Kò Wọ Ọjà

Ó ti lé ní oṣù kan tí ìbéèrè kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Màmá mi ló bi mí. Mo ń kàwé nípa àwọn Inca, àwọn ará orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, mo sì ń fi ohun tí mo kà dárà lórí fóònù. Mo ní àwọn èèyàn yìí la ọ̀nà tó tó 30,000 kìlómítà, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ó tó 40,000, láti ibi tó ti di Colombia lónìí títí dé Chile àti Argentina. Mo ní wọn ò ní ẹṣin, wọn ò ní kẹ̀kẹ́, wọn ò ní irin. Mo ní wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sára àpáta, wọ́n fi koríko lọ́ okùn, wọ́n sì fi okùn ọ̀hún ṣe afárá sórí ọ̀gbun. Mo ń retí "háà!". Màmá mi, tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ kí wọ́n tó bí mi, dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n wá ń tà níbẹ̀?"

Mo ní màá padà pè wọ́n.

N kò tètè pè. Kì í ṣe pé n kò rí ìdáhùn. Mo rí i, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọn ò ta nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ bá mi wò ó. Àwa la ní "ọ̀nà kan ò wọ ọjà". Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ òwe yẹn, iye ọ̀nà ni ọkàn mi ń lọ bá: pé ọ̀nà pọ̀, bí èyí bá dí, ká gba tọ̀hún. N kò ronú kàn án rí pé òwe náà ti gbà, kó tó lanu rárá, pé ọjà ni ọ̀nà ń lọ. Níbo ni ọ̀nà ìbá tún lọ? Bí ìjọba bá la títì kan lóde òní, ọ̀dà rẹ̀ ò ní tíì gbẹ tí ẹnìkan á ti gbé àgbàdo sísun débẹ̀, ẹlòmíràn á gbé omi inú ọ̀rá tẹ̀lé e, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti máa jà lórí ẹni tí yóò jẹ ìyálọ́jà. Ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọjà lẹ́nu rẹ̀, lójú mi, odó tí kò lọ́mọ odó ni.

## Kòkó níhìn-ín, kókó lọ́hùn-ún

Ká ní àwọn Aztec, àwọn ará Mexico ayé àtijọ́, ni mo ń ròyìn fún màmá mi ni, wàhálà kankan ì bá má sí. Ní Tlatelolco, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tenochtitlan, níbi tí Mexico City wà báyìí, Cortés, ará Sípéènì tó wá ṣẹ́gun wọn, kọ̀wé sí ọba rẹ̀ ní 1520 pé èrò tó lé ní 60,000 ló ń ná ọjà ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń wá ojúrere ọba ni Cortés. Ohun tó bá kù ṣì ń jẹ́ ọjà. Àwọn alájàpá wọn, tí wọ́n ń pè ní pochteca, a máa rìn jìnnà ju ibi tí àṣẹ ọba wọn dé lọ, aláàárù tí wọ́n ń pè ní tlameme ló sì ń ru ẹrù wọn: okùn níwájú orí, ẹrù lẹ́yìn, bíi kìlógíráàmù 23 fún ẹnìkan. Bí àwọn pochteca bá ti ìrìn àjò bọ̀, òru ni wọ́n ń wọ̀lú. Wọ́n á gbé ẹrù gba orí omi nínú ọkọ̀ tí wọ́n bò dáadáa, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n á sì já a sí. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n, wọ́n á ní ẹrù náà kì í ṣe tàwọn. Màmá mi ì bá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ọjà bá tà jù ni àwọn náà máa ń káwọ́ lérí pé ọjà ò tà.

Kòkó ni owó wọn, ẹyọ kòkó gan-an, bí owó ẹyọ ṣe jẹ́ tiwa nígbà kan. Ìwé iye owó ọjà kan wà láti Tlaxcala, ní Mexico níbẹ̀, ọdún 1545: abo tòlótòló kan, kòkó 100, ẹyin tòlótòló kan, kòkó 3, píà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, kòkó 3, èyí tó ti rọ̀, kòkó 1. Ayédèrú náà sì wà. Àwọn oníjìbìtì á tú inú èèpo kòkó dà nù, wọ́n á fi ìyẹ̀fun èso tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n pò, tàbí ìda, dí i, wọ́n á sì pa á dé padà. Ibi tí èèyàn bá ti lè fara balẹ̀ jókòó ṣe ayédèrú ẹyọ kòkó kan, ẹ má béèrè bóyá ọjà wà níbẹ̀. (Kòkó yìí kan náà ló sọdá òkun wá bá wa lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí owó rẹ̀ fi kọ́ Ilé Kòkó n'Ìbàdàn.)

Àwọn Maya, tí wọ́n wà ní ìlà oòrùn àwọn Aztec, náà ní ọ̀nà: sacbe, ìyẹn "ọ̀nà funfun", tí wọ́n fi òkúta kún, tí wọ́n sì fi ẹfun òkúta ra lójú. Èyí tó lọ láti Cobá dé Yaxuná tó 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n orí omi ni ẹrù wọn pọ̀ sí. Ní 1502, nítòsí erékùṣù Guanaja ní Honduras, àwọn ọkọ̀ Columbus pàdé ọkọ̀ gbọọrọ kan tí wọ́n gbẹ́ lára igi kan ṣoṣo, atukọ̀ 25 nínú rẹ̀, obìnrin àti ọmọdé lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Oníṣòwò Maya ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà. Aṣọ òwú aláràbarà, àáké bàbà, agogo bàbà, idà onígi tí wọ́n fi òkúta mímú tẹ́ létí, àti kòkó. Àwọn òyìnbó mú wọn, wọ́n sì kó ẹrù wọn. Fernando ọmọ Columbus, ọmọ ọdún 13, wà nínú ìrìn àjò ọ̀hún, ó sì kọ ohun kan sílẹ̀ lẹ́yìn náà tí n kò lè gbàgbé: bí ẹyọ kòkó kan bá já bọ́ nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù náà sínú ọkọ̀ òyìnbó, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà á, àfi bí ẹni pé ẹyinjú ẹnìkan ló bọ́.

Wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwọn ṣe, síbẹ̀ wọ́n ń ṣa kòkó. Ìyẹn yé mi. Ọmọ ọlọ́jà ni mí.

Àwọn Inca ò fi kòkó náwó. Kókó ni wọ́n ní. Àmì ohùn kan péré ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Wọn ò ní owó kankan. Khipu ni wọ́n ń lò: okùn kan tí wọ́n na gbọọrọ, tí wọ́n so okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, òwú tàbí irun ẹran, tí wọ́n wá ń ta kókó sára wọn. Ẹyọ, ẹ̀wá, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, olúkúlùkù ní ipò tirẹ̀ lára okùn. Ibi tí kò bá sí kókó, òdo ni. Leland Locke, ará Amẹ́ríkà kan, ló la òǹkà yìí yé aráyé ní 1912. Ẹni tó bá mọ àrokò, kò ní yà á lẹ́nu pé okùn lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ni àrokò ń jẹ́. Ìṣirò ni khipu ń ṣe.

Kí ẹni tó mọ̀ má bàa bá mi jà: àwọn ará Chincha, létí òkun Peru, jẹ́ oníṣòwò, àwọn òyìnbó sì ti pàdé àgbékà igi onígbòkun kan nítòsí Ecuador ní 1526, tó kún fún aṣọ, wúrà àti fàdákà tí wọ́n fẹ́ fi gba ìkarahun pupa. Ṣùgbọ́n orí òkun nìyẹn. Ẹ gòkè lọ sórí ọ̀nà ọba, ẹ ò ní rí ẹni tó gbé igbá.

## Àká létí ọ̀nà

Ọba ló ni ọ̀nà ọ̀hún, Qhapaq Ñan lórúkọ rẹ̀. Èèyàn kì í déédéé bọ́ sórí rẹ̀ láìsí iṣẹ́ ìjọba. Àwọn ọmọ ogun ń gbà á. Àwọn chaski ń gbà á, àwọn asáréjíṣẹ́ tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn láti ibùdó dé ibùdó. Àwọn tí wọ́n ṣí nípò kúrò nílùú wọn lọ tẹ̀dó síbòmíràn ń gbà á. Ọ̀wọ́ llama ń gbà á, ẹran tó jọ ràkúnmí tí kò ní iké, tí ẹrù rẹ̀ ò sì ju bíi kìlógíráàmù 30 lọ. Àwọn ará abúlé tó ń lọ ṣe mit'a náà ń gbà á, ìyẹn iṣẹ́ tí agbo ilé kọ̀ọ̀kan jẹ ìjọba, tí wọ́n ń ṣe é ní ìpín-ìpín: bí tibí bá ṣe tán, tọ̀hún á bọ́ sí i.

Ní nǹkan bí ìrìn ọjọ́ kan síra wọn, ilé ìsinmi tí wọ́n ń pè ní tambo wà. Ní àwọn ibùdó ńlá, wọ́n kọ́ àká, qullqa, sí ẹ̀gbẹ́ òkè níbi tí afẹ́fẹ́ tútù á ti máa fẹ́ sí i. Ní Huánuco Pampa nìkan, ó tó 500. Ní àfonífojì Mantaro, ní agbègbè Jauja, àwọn awalẹ̀pìtàn ka àwókù àká tó lé ní 1,000. Àgbàdo wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, bàtà, igi ìdáná, ohun ìjà. Chuño náà wà níbẹ̀. Wọ́n á tẹ́ pọ̀tétò sílẹ̀ lóru kí òtútù mú un dì, lọ́sàn-án wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, oòrùn á gbẹ ẹ́, ó sì lè pẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Gbodo ni. N kò rí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. (Pọ̀tétò tí à ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Andes ni òyìnbó fúnra wọn ti gbé e.)

Báwo wá ni ẹni tó ń gbé lórí òkè, tó ń gbin pọ̀tétò, ṣe ń rí àgbàdo jẹ láìná ọjà? Agbo ilé rẹ̀ ló ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí oríṣiríṣi ibi: àwọn kan lókè téńté pẹ̀lú llama, àwọn kan láàárín pẹ̀lú pọ̀tétò, àwọn kan nísàlẹ̀ níbi tó móoru tí àgbàdo ti ń ṣe dáadáa. Ohun tí o kò bá ní, ẹbí rẹ ló ní in. Ohun tó bá sì jẹ́ ti ìjọba, o fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ san án: o ro oko ọba, o hun aṣọ ọba, ọba fún ẹ ní ọtí àgbàdo lọ́jọ́ iṣẹ́, irè oko náà wọ àká. Kò sí ẹni tó dá owó lé nǹkan kan. Àmọ́ kò sí ohun tí wọn ò kà.

Mo ti rí àwọn tó fi èyí ṣe àpọ́nlé pé ìjọba tó ń bọ́ ará ìlú ni. Ẹ rọra. Ogun ni wọ́n fi kó o jọ, láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn Wanka, tí wọ́n ni àfonífojì Jauja yẹn, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá kọ́ àká sórí òkè àwọn. Ẹ fi Wanka yìí sọ́kàn.

## Ẹni tó ń tú kókó

Ọdún 1533 ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ìtàn Cajamarca, ìlú kan lórí òkè Peru, bóyá ẹ ti gbọ́ ọ: ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1532, Francisco Pizarro, ará Sípéènì, àti àwọn ọmọ ogun tí kò tó 200 mú Atahualpa, ọba àwọn Inca, mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọba ní òun á fi wúrà kún yàrá kan. Wúrà ọ̀hún ò tètè dé. Ní oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀lé e, Pizarro rán Hernando àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin lọ sí Pachacamac, ilé òrìṣà ńlá kan létí òkun, kó lọ wo ohun tó wà níbẹ̀.

Hernando yìí kọ lẹ́tà sí àwọn adájọ́ ọba Sípéènì ní Santo Domingo ní oṣù Kọkànlá ọdún 1533. Lẹ́tà ọmọ ogun ni, kò ní ẹwà kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà á gbọ́ ju ti àwọn tó ń kọ ìwé láti gbayì. Ó ń ròyìn ọ̀nà: irú rẹ̀, ó ní, kò sí nílẹ̀ àwọn Kristẹni. Àtẹ̀gùn ibẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn àti ti llama ni wọ́n ṣe é fún, ó pọ́n ẹṣin lójú. Irin tí wọ́n fi ń kan bàtà ẹṣin tán lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ fi fàdákà rọ bàtà ẹṣin. Ó ròyìn afárá olókùn: méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe wọ́n síra, ọ̀kan fún ará ìlú, ọ̀kan fún ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀, oníbodè sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń gba owó bodè, bí kò tilẹ̀ ṣe owó bí owó.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn kan, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó ní àwọn èèyàn yìí ní àká igi ìdáná, àgbàdo àti gbogbo nǹkan yòókù, pé kókó ara okùn ni wọ́n fi ń ka ohun tí ìjòyè kọ̀ọ̀kan kó wá. Ó ní nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹrù igi, tàbí ẹran, tàbí àgbàdo, tàbí ọtí wá fún àwọn, wọ́n á tú kókó kúrò lára okùn ẹni tí ẹrù náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ta á síbòmíràn.

Mo ka gbólóhùn yìí, mo gbé ìwé sílẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọba wà nínú túbú. Àwọn àjèjì onírùngbọ̀n dé lórí ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń jẹun. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́nu àká pẹ̀lú okùn lórí itan. Wọ́n gbé ìdì igi kan kọjá níwájú rẹ̀. Ó wá okùn igi rí láàárín àwọn okùn yòókù, ó fi èékánná tú kókó kan, kókó tó ti le, tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó wá okùn mìíràn, ó ta á. Wọ́n gbé ìdì kejì kọjá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé òmùgọ̀ ni. Ilé ń jó, ìwọ ń ka igi. Fún ọjọ́ mélòó kan, bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, a sì jọ ń rẹ́rìn-ín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn ò ní gbé fáìlì sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ayé bá parẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó yí mi lérò padà wà nínú gbólóhùn yẹn kan náà, ojú mi ló fò ó: *síbòmíràn*. Kò tú kókó náà dà nù. Ó ṣí i nípò. Ohun tó kúrò nínú àká kò tíì kúrò nínú ìṣirò. Orí ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

## Ìwé àwìn

Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá, màmá mi ní ìwé àwìn kan tó máa ń fi ihò kọ́ sára ìṣó ní ìsọ̀ wọn, ìyẹ̀fun èlùbọ́ á ti sọ etí rẹ̀ di eérú. Bí ìwé bá kún, wọ́n á ra tuntun, èmi tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ni wọ́n á fún pé kí n ṣí àwọn tí kò tíì san láti inú tàtijọ́ sínú tuntun. Orúkọ, kóńgò mélòó, iye owó. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti kó kúrò ládùúgbò wa tipẹ́. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kejì, mo kọ ọ́ sínú ìkẹta. Nígbà tí ó di ìkẹrin, mo ní, "Màmá, bàbá yìí ò sí níbí mọ́ o. Kí la tún ń kọ ọ́ fún?"

Wọ́n ní, "Ṣé mo sọ fún ẹ pé ó ti san án ni?"

Mo kọ ọ́.

N kò lè sọ pé mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin ẹnu àká yẹn. Bóyá ìbẹ̀rù ni, nítorí bí ìṣirò bá jìn nígbà tí ọ̀gá bá dé, orí ẹni tó ń ṣọ́ àká ló máa jìn sí. Bóyá àṣà lásán ni. Àmọ́ n kò tún pè é ní òmùgọ̀ mọ́, pàápàá nígbà tí mo kà nípa ohun tí àwọn Wanka ṣe lẹ́yìn náà.

## Okùn nílé ẹjọ́

Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ogiri àwọn Inca ti lanu kí Pizarro tó dé: ọba tó wà lórí ìtẹ́ àti ọbàkan rẹ̀ tó ń du ìtẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ogun abẹ́lé tán ni, àwọn ìlú tí wọ́n fi ipá kó mọ́ra sì ń wá ọ̀nà àtibọ́. Àwọn Wanka fara mọ́ òyìnbó. Wọ́n fún wọn lóúnjẹ, wọ́n fún wọn láṣọ, wọ́n fún wọn ní aláàárù àti ọmọ ogun, gbogbo rẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ Cusco, olú ìlú àwọn Inca. Ọ̀nà tí ọba là láti fi ṣàkóso wọn ni àwọn tó wá gba ìtẹ́ ọba gbà, àká tó fi ẹrù wọn kún náà ló sì bọ́ àwọn òyìnbó dé Cusco.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1561, àwọn olóyè Wanka dé iwájú ilé ẹjọ́ ọba Sípéènì ní Lima. Okùn ni wọ́n gbé wá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ń fọwọ́ lé e, ó ń pe ohun tó wà níbẹ̀ ní èdè rẹ̀, ògbufọ̀ ń túmọ̀, akọ̀wé ń fi gègé kọ ọ́ ní èdè Spanish. Láti ìgbà tí Pizarro ti dé: ènìyàn tí wọ́n fún un, mélòó, llama, mélòó, aṣọ, àgbàdo, pọ̀tétò, bàtà, ìkòkò, àparò, ẹja, igi ìdáná, èédú, koríko. Wọn ò kọ "púpọ̀". Iye ni wọ́n kọ. Èyí tó wá mú mi dìde lórí àga ni pé wọ́n ya ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé sílẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ohun tí àwọn ọmọ ogun òyìnbó jí kó sọ́tọ̀. Ẹni tó ń jà ọ́ lólè ń kó ẹrù lọ, o jókòó ti okùn, o ń ta kókó fún un.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó dá mi lójú pé àwọn ọmọ ogun yẹn ò lè rántí oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní Jauja ní 1533. Lójú tiwọn, ọ̀nà tó ní oúnjẹ létí ni wọ́n gbà, bí ẹni tó rí ọsàn létí igbó. Wọn ò rí ẹni tó ń tà, wọn ò rí iye owó, wọn ò ná an, wọn ò san nǹkan kan, nítorí náà ọ̀fẹ́ ni. Ọjà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọjà ló kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ pé wọn ò tà níbẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Lọ́jà, bí mo bá ti san owó rẹ tán, mo lè má mọ orúkọ rẹ títí ayé. Lórí ọ̀nà tí kò wọ ọjà, kò sí ohun tí wọ́n gbé fún ọ tí kò ní orúkọ ẹni tó gbé e wá àti orúkọ rẹ lára okùn kan níbì kan.

John Murra, onímọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa Andes, ṣàkíyèsí pé àwọn Wanka kì í to nǹkan sára okùn bí ó ṣe wù wọ́n. Ètò kan wà. Ènìyàn ló ń ṣíwájú, llama tẹ̀ lé e, aṣọ tẹ̀ lé e, kó tó kan oúnjẹ. "Ènìyàn laṣọ mi" ni tiwa. Tiwọn, ènìyàn, ẹran, lẹ́yìn náà aṣọ. Mo gbìyànjú láti rántí bóyá mo ti rí ìwé gbèsè kankan tó fi ènìyàn ṣe ìlà àkọ́kọ́.

Ní 1583, ìgbìmọ̀ ìjọ Àgùdà ní Lima pàṣẹ pé kí wọ́n run khipu, pé ti òrìṣà ni. Bíi 1,000 àti díẹ̀ ló kù káàkiri àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lágbàáyé. Nítorí iṣẹ́ Locke, a lè ka iye ara ọ̀pọ̀ nínú wọn: 43, 210, 7. Kí ni ó jẹ́ 43? Ta ló kó 210 wá? Òǹkà wà, orúkọ ti lọ.

## Mo padà pè wọ́n

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó pe màmá mi. Wọ́n wà lọ́jà, mo ń gbọ́ bí kóńgò ṣe ń ha inú àpò èlùbọ́. Mo ní, "Màmá, ọ̀nà tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, wọn ò ta nǹkan kan níbẹ̀ o. Àwìn ni gbogbo rẹ̀." Mo wá ròyìn okùn, mo ròyìn ẹnu àká, mo ròyìn àwọn Wanka ní Lima. Wọ́n ń ṣe "ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n", bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ọkàn wọn bá wà níbì kan tí owó sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọn ò gbọ́.

Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́ pa mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n wá san án?"

Mo ní ọmọ olóyè kan lára wọn, Felipe, sọdá òkun lọ bá ọba ní Sípéènì, ọba sì fún un ní àmì oyè tí wọ́n yà sára apata, kó máa gbé e kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀.

"Àmì oyè." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tí iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Kóńgò tún ha nínú àpò. "Mélòó lẹ ní kí n wọ̀n fún yín?"

Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ mọ́.